Awọ Tó Mọ́ Gaara

Ní Kajaani, yìnyín kì í dágbére kó tó lọ.
Ó ń yọ́ lọ́sàn-án, ó ń dì lóru,
ó ṣe bí ẹni tó lọ, ó tún padà bí ẹni tó gbàgbé fìlà.
Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú a da taàrá sójú títì
kí táyà lè rí nǹkan dì mú.
Taàrá tó gba arúgbó lọ́wọ́ ìṣubú,
òun náà ní í sọ ọkọ̀ lókò.

Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, èmi Raili,
láàárín òkò àti ọkọ̀.
Gáráàjì mi kò tóbi. Iná mẹ́rìnlá ló wà lájà rẹ̀.
Mo máa ń wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má dìde,
n kì í wọ súwẹ́tà onírun wọbẹ̀:
irun kan ṣoṣo lábẹ́ ọ̀rá,
ojú oníbàárà kò ní í rí nǹkan mìíràn mọ́ títí ayé.

Orvokki wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Ọdún méjìdínlógójì ló fi gbé lẹ́tà kiri abúlé
nínú ọkọ̀ tó dógùn-ún débi pé ó ń rí ọ̀nà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.
Èyí tó gbé wá yìí, ìyeyè tó pọ́n ni àwọ̀ rẹ̀,
ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lá ilẹ̀,
ìdí rẹ̀ gbòòrò bí ti ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹ́ fò.
Ó ní, “Àwọn ọmọ mi ní orí mi dàrú.
Mo ní kó kúkú dàrú, bó bá ṣáà ti ń sáré.”

Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi amọ̀ rírọ̀ ra á lára
títí ọ̀dà fi ń dún fín-ín lábẹ́ ìka.
Mo wọ́n omi ọṣẹ, mo tú ọ̀rá,
mo fi rọ́bà ti omi láti àárín lọ sétí, láti àárín lọ sétí,
mo fi ooru tan án kó lè yí kọ̀rọ̀ bọ́ńpà po,
mo ká eteetí rẹ̀ sínú bí ìṣẹ́tí aṣọ.
Afẹ́fẹ́ kan há sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò fẹ́ lọ.
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u.
Abẹ́rẹ́ ló gbọ́ èdè rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Wọ́n ní awọ fẹ́lẹ́ ló bo inú, kò jẹ́ ká rí ikùn aṣebi.
Awọ tèmi kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀:
ohun tó bá bò ló ń fi hàn.

Lára ilẹ̀kùn òsì, lábẹ́ ibi ìdìmú,
ni mo ti rí ìlà mẹ́ta tín-ín-rín, ìka kan ní gígùn.
“Ìyẹn á lọ,” mo ní, “ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.”
Mo ti mú ẹ̀rọ ìdán. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.
“Turre ni. Ọjọ́ tí mo gbé e délé ló fò mọ́ ọn,
ó rò pé àlejò ló gbé mi wá.
Mo lù ú. Ọdún mẹ́rìnlá, n kò lù ú rí.
A sin ín nígbà tí ilẹ̀ kò tíì dì.”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Bò ó. Kí òkúta má fọwọ́ kàn án.”

Mo ti bo ọ̀dà fún oníṣègùn eyín,
fún ọmọkùnrin kan tó jẹ báńkì ní gbèsè;
n kò bo àpá rí.
Ọ̀rá yìí, bí nǹkan bá ha á, omi gbígbóná á mú un jinná.
Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò ní í jinná,
ohun tí mo sì gbowó lé lórí nìyẹn.
Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń pa ojú òkú dé.

Ó wà á jáde ní Ọjọ́bọ̀, taàrá kò tíì kúrò lójú títì.
Mo gbọ́ òkò àkọ́kọ́ kó tó dé oríta:
kó! Kò dẹ eré.

Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan wà lórí tábìlì mi,
irun ajá funfun ṣì wà lára rẹ̀.
N kì í jẹ́ kí irun wọ gáráàjì.
Mo gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.