Ẹni Tó Sùn Là Á Jí

Oṣù Kejìlá, ní ìlú Oulu, lápá àríwá ilẹ̀ Finland,
aago mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn ti lọ bí àlejò tí wọn ò fún lómi.
Yìnyín ti bo kẹ̀kẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé ọwọ́ ìdarí,
Vieno Karppila sì wà ní yàrá ìwádìí,
ó dojú kọ nǹkan kan tí kò tó ìdajì hóró ẹ̀gúsí.

Ọdún mẹ́ta ló fi yà á.
Wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí ọmọ tuntun lọ,
ọ̀kẹ́ méjì ilẹ̀kùn tí iná ń ṣí, tí iná ń tì.
Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sílé iṣẹ́ kan ní Taiwan,
oṣù márùn-ún kọjá kí àpótí kékeré tó dé,
ogún ṣíìpù, wọ́n tò wọ́n sínú rẹ̀ bí eyín ọmọdé.

Iṣẹ́ tó rán wọn kò ju ẹyọ kan lọ:
kí wọ́n sùn.
Kí wọ́n sùn lára igi nínú igbó,
kí bátìrì kan ṣoṣo gbé wọn fún ọdún mẹ́wàá,
kí wọ́n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn
àfi bí rédíò bá pe orúkọ wọn gan-an,
òdo, òdo, ọ̀kan, òdo, ọ̀kan, ọ̀kan,
títí yóò fi pé mẹ́rìndínlógún.
Nígbà náà ni kí wọ́n jí, kí wọ́n sọ bí òtútù ṣe tó,
kí wọ́n padà sùn.

Ó pè é lọ́jọ́ Ajé. Ó dákẹ́.
Ó pè é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbóhùn sókè sí i. Ó dákẹ́.
Ìlà aláwọ̀ ewé tó wà lójú ẹ̀rọ
tẹ́ gbalaja bí òkun tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ sí.
Ó pààrọ̀ wáyà. Ó pààrọ̀ ṣíìpù, ìkejì, ìkẹsàn-án.
Ilpo láti tábìlì kejì ní, "Bóyá ó ti kú."
"Òkú kì í mu iná," Vieno ní,
"eléyìí ń mu díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń mí."

Èmi tí mò ń jó òjé mọ́ wáyà fún wọn rántí ọ̀rọ̀ ilé wa:
ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ.
Mi ò sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pe apirọrọ lédè wọn?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tuomela wọlé, ó mú ife kọfí dání,
ó wo ìlà tó tẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta
kó má sì jẹ́ ìjà.
Ó ní, "Oṣù Kẹta lowó yìí parí."
Ó jáde.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Vieno pa kọ̀ǹpútà,
ó fi bírò kọ orúkọ náà sára páálí mílíìkì.
Ó ń wò ó. Ó ń wò ó.
Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn.
Ní òru kan lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí oorun ń kùn ún,
ó ti so wáyà àkọ́kọ́ mọ́ ibi ìkẹyìn,
ó so ìkẹyìn mọ́ ibi àkọ́kọ́.
Ó ti sọ ọmọ lórúkọ, ó sì ń fi orúkọ mìíràn pè é.

Ó pè é sódì.

Ìlà náà fò.
Ó ní yàrá náà gbóná dé ìwọ̀n mọ́kànlélógún,
ó padà sùn.

Gbogbo wọn ló jẹ́ ẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan,
àfi ẹyọ kan tí Ilpo ti fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ fọ́.

N kò rí i kó fò sókè.
Ó bi mí bóyá kí òun sọ pé bí òun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn,
ta ló máa mọ̀?
Kí n tó la ẹnu, ó ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìwádìí rẹ̀:
"Èmi ni mo kọ orúkọ yìí sódì."
Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó lọ gbọn yìnyín kúrò lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó gbàgbé páálí mílíìkì náà.
Ó wà lọ́wọ́ mi.