Iyọ̀ Lójú Fóònù

Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ti wọ oko iyọ̀
ní Hòn Khói, létí òkun Vietnam.
Èmi dé ní márùn-ún kọjá, mò ń yán,
fóònù lọ́wọ́ bí ẹni mú abọ́ wá gba oúnjẹ.

Mo ya ogójì àwòrán kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.
Ogójì! Gbogbo wọn ṣú bí ojú ọmọ tó sunkún sùn.
Mo tan iná ẹ̀yìn fóònù, ó kọ mànà,
àwọn obìnrin tó ru iyọ̀ dijú lẹ́ẹ̀kan náà,
ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣi ẹsẹ̀ gbé.
Ojú tì mí. Mo pa á. N kò tún tàn án mọ́.

Bà Nhạn ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn.
Thuyên, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló ń túmọ̀,
ọmọ ọdún mẹ́tàlá nínú bàtà rọ́bà àgbàlagbà.
"Màmá àgbà ní, ṣé ẹ ti nu ojú rẹ̀?"
Ojú ta ni?
"Ojú fóònù. Iyọ̀ ti bò ó."
Mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Òótọ́ ni:
láti ìlú dé ìlú ni mo ti ń bú ojú ọjọ́ pé kò mọ́,
ọ̀rá ìka ara mi ni mò ń wò.

Mo dúró lórí ebè amọ̀ tó pààlà oko,
mo fi ìka méjì fa obìnrin kan súnmọ́ mi.
Ó súnmọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ
bí èlùbọ́ tí a kò kù.
Thuyên rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Ìyá àgbà sọ agbọ̀n méjèèjì kalẹ̀,
ó nawọ́ sí ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀. Ó ní kí n gbé e wò.
Kí ló wà níbẹ̀? Mo ti gbé ẹrù rí.
Mo fi fóònù fún ọmọ náà dání,
mo ti èjìká bọ abẹ́ ọ̀pá, mo nàró.
Ìṣísẹ̀ kan. Méjì.
Orúnkún mi kò bi mí léèrè kí wọ́n tó pinnu:
mo kúnlẹ̀ gbì nínú omi tí kò mu ọrùn ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i.
Ọ̀run méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nílẹ̀,
àwọn obìnrin náà ń rìn lórí ara wọn,
àtẹ́lẹsẹ̀ ń pàdé àtẹ́lẹsẹ̀,
oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú láti ẹ̀gbẹ́, ó ń kun etí àkẹtẹ̀ wọn.
Láti orí ebè, ẹrẹ̀ ni mo pe omi yìí.

Thuyên lóṣòó tì mí, ó dorí fóònù kodò
títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi.
Ó tẹ ìka lé ibi tó mọ́ jù, ó fà á wálẹ̀,
ìmọ́lẹ̀ rọ̀ bí àtùpà tí a rẹ̀ sílẹ̀.
Lẹ́yìn náà, kò ṣe nǹkan kan.
Mo ní, "Yà á!" Ó mi orí.
Ó dúró títí ìyá rẹ̀ àgbà fi gbé ẹrù náà,
ẹrù kan náà!, lé èjìká bí ẹni gbé ìborùn,
títí ó fi dé ibi tí kò sí ẹlòmíràn,
títí ẹsẹ̀ kan fi kúrò nílẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tẹ̀ ẹ́.

Mo béèrè bóyá mo lè mú un lọ.
Bà Nhạn na fóònù jìnnà sójú bí àgbà tó ń ka lẹ́tà.
"Ó ní ẹ lè mú un.
Ó ní ṣùgbọ́n kò hàn níbẹ̀ pé ó wúwo."

Kò hàn. Mo ti wò ó títí.
Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Nha Trang ni mo ti pa ogójì náà rẹ́.
Èjìká òsì mi ṣì ń dùn mí.
Bí ẹ bá fẹ́ rí ọ̀kan tó kù, ẹ jẹ́ kí n nu gíláàsì rẹ̀ ná,
kí ẹ̀yin náà sì lóṣòó.