Irin Tó Rìn

Bàbá mi, Tokuji, wẹ́dà ni ní ọgbà ìkankọ̀ Maizuru,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ débi pé wọ́n máa ń sọ pé
o lè gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán sílé, má gbàgbé agbòjò.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún tí wọ́n tẹ́ irin àkọ́kọ́ sílẹ̀,
ẹyọ kan ṣoṣo, pẹlẹbẹ,
bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun sórí ẹní.
Àlùfáà kan fọ́n iyọ̀. Ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ tó gùn ju ọkọ̀ lọ.
Bàbá mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀:
ariwo irin ti ba etí rẹ̀ jẹ́ kí n tó dáyé.

Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lu bí ajere.
Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó sọ ọ́ sí mi létí wúyẹ́:
"Shimako, mo fi iná kọ orúkọ rẹ
sẹ́yìn irin kan, nísàlẹ̀, lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì.
Wọ́n á kun ọ̀dà bò ó lọ́la. Má sọ fún ìyá rẹ."

Lọ́jọ́ tí wọ́n tì í sómi,
obìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun fi àáké gé okùn.
Bọ́ọ̀lù bébà là níwájú ọkọ̀, ríbọ́nù tú dà sílẹ̀.
Wọ́n sọ ọ́ ní Kawagiri, kùrukùru orí odò,
orúkọ jẹ́jẹ́ fún ohun tó gbé ìbọn.
Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́.
Èmi ń wo ìsàlẹ̀,
níbi tí orúkọ mi ti ń wọ omi lọ.

Irin ni wọ́n fi kàn án, ìrìn ló fi ayé ṣe.
Àbúrò mi Kiyonobu wọ inú ẹ̀, ó di alásè.
Ọjọ́ Ẹtì, kọ́rì. Ẹtì mìíràn, kọ́rì,
kí àwọn tí kò rí ju omi lọ má baà ṣìrò ọjọ́.
Ó kọ̀wé láti apá Aden:
"Oòrùn ibí lè dín ẹyin lórí irin.
Ọkọ̀ àwọn olè orí omi kéré bí igi ìṣáná.
Mo fi awò wò wọ́n, mo rí ọ̀kan tó ń yán."
Ìbọn ńlá rẹ̀ ò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí òkun gun orí ilẹ̀ ní àríwá,
wọ́n ní kí Kawagiri máa bọ̀ kíá.
Òrùlé ń léfòó bí ewé. Wọ́n dín eré kù,
kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lábẹ́.
Kiyonobu se ìrẹsì títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.
Arúgbó kan gun ọkọ̀ wá wẹ omi gbígbóná,
ó di àwo-fọ́tò ẹlẹ́rẹ̀ mọ́ àyà,
kò béèrè oúnjẹ, kò béèrè ọmọ rẹ̀.
Ọṣẹ ló béèrè.
Títí dòní, bí àbúrò mi bá rí ọṣẹ tuntun nínú bébà rẹ̀,
á jáde síta.

Ọkọ̀ náà darúgbó. Wọ́n sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́:
àwọn tí kò tíì hurùngbọ̀n ń bì lórí ẹ̀, wọ́n ń kọ́ bí a ti ń so okùn.
Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ àsíá kalẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà eérú pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́.
Ọkọ̀ kékeré méjì fà á lọ sọ́dọ̀ àwọn agékọ̀ ní Etajima.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin tọ̀ ọ́ lọ.
Urushibara, ọ̀gá wọn, gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó fún mi ní akoto.
"Màmá, irin pọ̀ níbí o."
Mo jókòó fún ọjọ́ méjì.
Iná tí wọ́n fi ń gé e, iná tí bàbá mi fi rán an ni,
àwọ̀ búlúù kan náà, òórùn kan náà.
Mi ò rí orúkọ mi.
Bóyá ó ti bá ààrò lọ. Bóyá ó ti di òpó ilé ẹnì kan.
Bóyá bàbá mi kàn parọ́ kí n lè sùn.
Òjò bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe ń jáde.
Oúnjẹ mi wà lọ́wọ́ mi. Agbòjò ni mo gbàgbé.