Àtàǹpàkò Àba

Páànù bisikíìtì kan ló gba gbogbo ẹbí wa.
Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyé ni mo ti fà á jáde, ní Ìjọ̀mú, l'Ákùúrẹ́.
Ó ti dógùn-ún. Ọmọrí rẹ̀ kọ̀, kò ṣí,
àfi ìgbà tí mo ki ṣíbí bọ etí rẹ̀.
Òórùn kàfúrà ló kọ́kọ́ jáde,
àwọn òkú tẹ̀lé e.

Mo gbé ẹ̀rọ ka orí tábìlì
tí Àba máa ń ka owó kòkó lé.
Mo da Bàbá àgbà dojú bolẹ̀ lórí gíláàsì,
mo ní, "Ẹ má bínú, bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí."
Ìmọ́lẹ̀ rọra kọjá lábẹ́ wọn
bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀.

Ikán ti jẹ ojú Akínwálérè,
ó ku fìlà, ó ku ẹ̀rín.
Ìyé wò ó lẹ́ẹ̀kan:
"Owó mi ṣì wà lọ́wọ́ ìyẹn."

Ó wá kan fíìmù.
Nínú fíìmù, eyín Àǹtí Mofọlọ́runṣọ́ dú bí èédú,
irun rẹ̀ funfun báláú,
ó ti darúgbó kó tó lọ́kọ.
Mo tẹ bọ́tìnnì kan,
ó padà di ọmọ ogún ọdún.
Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ la wà tí wọ́n fi mú iná lọ:
ìyàwó ti wọlé,
ọkọ ṣì wà nínú òkùnkùn.

Iná dé lálẹ́. Mo fẹ àwòrán náà lójú,
mo rí ọmọ kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ìka mẹ́ta, ààbọ̀ ojú.
"Ìyé, ta nìyí?"
Wọ́n yọ jígí ojú wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún,
wọ́n tún un fi sójú.
Wọ́n ní ọbẹ̀ àwọn wà lórí iná.
Mi ò gbóòórùn ọbẹ̀ kankan.

Mo ń kọ orúkọ sí i níkọ̀ọ̀kan.
Ti ọmọ yẹn, mo fi àyè sílẹ̀.

Ẹ̀rọ ní àbàwọ́n wà létí fíìmù tó kẹ́yìn,
ṣé kí òun pa á rẹ́?
Mo sún mọ́ ọn. Ìlà yípo ìlà,
àtàǹpàkò ẹni tó ń kánjú.
Àba ni.
Àba tí kò sí nínú àwòrán kankan,
torí òun ló ń ya gbogbo wa.

Mo ní rárá.
Mo gbé àtàǹpàkò tèmi lé e lójú ẹ̀rọ.
Tiwọn ṣì yọ jáde yí ká.