Ojú Ìtú

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọparun fi wà lájà ilé ìdáná,
ó ń mu èéfín bí àgbà tó ń mu tábà,
ó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀.
Ìyá mi ń kùn pé ọbẹ̀ òun ti ń rùn bí ilé tó jó.
Bàbá mi ní, “Fara dà á, Àsàbí.
Kòkòrò kì í jẹ ohun tó ti mu èéfín yó.”

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀rà, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́,
Láyíwọlá tí í tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe
jókòó sórí àpótí, ó ń fi ayùn kékeré gé ọparun.
Ìka ló fi ń wọ̀n ọ́n, kò ní rúlà.
Okùn ọ̀gbọ̀ ló fi di oríkèé,
ó rẹ ẹ́ sínú gọ́ọ̀mù, ó wé e bí ẹni ń di egbò ọmọ,
ó wé, ó wé,
títí oríkèé fi wú bí orúnkún arúgbó.
Àwọn tó ń kọjá lọ sí Tákíé dúró, wọ́n rẹ́rìn-ín:
“Láyíwọlá, àkàbà lò ń kàn ni, àbí ilé adìẹ?”
Ẹni tó fi eyín fa okùn kì í fèsì.

Ṣéènì wọ́n; èyí tó rí ti dípẹtà.
Ló bá wo ara ògiri,
níbi tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ gbé so rọ̀ bí ejò tí wọ́n pa lánàá.
Púlè kékeré lẹ́yìn, púlè ńlá níwájú,
pẹ́dà méjì tó fi igi ayìn gbẹ́.
Gbogbo rẹ̀ pé. Gbogbo rẹ̀ gún.
Àfi ìgbà tó gbé bẹ́líìtì, tó fẹ́ fi kọ́ ọ.

Bẹ́líìtì kò dà bíi ṣéènì.
Ṣéènì ní oríkèé, a lè já a, ká tún so ó.
Bẹ́líìtì ò lórí, bẹ́ẹ̀ ni ò nídìí;
òrùka ni.
Egungun kẹ̀kẹ́ náà sì ti tì pa bí ilẹ̀kùn àgbàlá lóru.
Òrùka kì í wọnú òrùka, àfi bí ọ̀kan bá là.
Bàbá mi dúró.
Oòrùn kúrò lórí páànù, ó bọ́ sára ògiri.
Mo rí i tó nawọ́, tó mú ayùn,
tó gé ohun tó fi odidi ẹ̀ẹ̀rùn dì.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Mo sunkún. Kò wojú mi.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti pa á dé. Mi ò mọ bó ṣe ṣe é.
Awọ ewúrẹ́ ló wé mọ́ ibẹ̀, ó ní,
“Ohun tá a bá dì, ká fojú ìtú sílẹ̀.”

Kẹ̀kẹ́ náà kì í dún.
Ó ń gbé mi lọ sílé ẹ̀kọ́,
òórùn ata gbígbẹ ń jáde lára bẹ́líìtì,
mò ń sín lẹ́yìn rẹ̀ títí a fi dé Òkè Ẹlẹ́rin,
àwọn ọmọ ń pariwo, “Ọlọ́parun! Ọlọ́parun!”
mò ń fi àpò ìwé bojú.
Bí òjò bá rọ̀, bẹ́líìtì a yọ̀,
ẹsẹ̀ bàbá mi a máa yí lófìfo bí ẹni ń sáré lójú àlá.
A óò sọ̀kalẹ̀, a óò máa tì í,
òun á máa súfèé.
Lálẹ́, ìyá mi kì í gbọ́ ìgbà tó wọlé.
Ó ní kó ra aago mọ́ ọn.
Ó ṣèlérí. Kò rà á.

Ó di ọdún méjì tó ti lọ. Bó ṣe lọ náà nìyẹn, láìdún.

Àná ni Ìbídùn, ọmọ mi, ní òun fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ náà.
Bẹ́líìtì ti sán bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́.
Mo ra tuntun. Mo wá ayùn.
Mo gbé e lé ọparun, ọwọ́ mi kọ̀.
Mo kọ́kọ́ tú awọ ewúrẹ́ ná.
Èèkàn kékeré kan wà níbẹ̀, igi ayìn,
kò ju àtàǹpàkò mi lọ.
Mo fìka tì í. Ó yọ.
Egungun kẹ̀kẹ́ yanu,
bẹ́líìtì ògbólógbòó jábọ́ sí mi lọ́wọ́,
mo sì sín.