Abọ́dúndé

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá mi dúró láti àná,
ojú ewé kẹtàlélógójì,
ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì, orúkọ afẹ́fẹ́ kan
tó máa ń ti àríwá wá sórí òkun wọn
nígbà tí oòrùn bá mú jù,
tí àwọn atukọ̀ á ká ìgbòkun,
wọ́n á jókòó sí èbúté, wọ́n á máa ka ọjọ́.

Òyìnbó tó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀
pè é ní afẹ́fẹ́ oníṣòwò.
Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́.
Kí ni afẹ́fẹ́ rí tà? Ta ló jẹ ẹ́ ní gbèsè?
Ẹnì kejì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe bá a,
bí ẹni tó fi àlejò sẹ́nu ọ̀nà
tí kò bu omi fún un.

Èmi náà kọ ọyẹ́. Mo pa á rẹ́.
Ọyẹ́ ló wà níta yìí,
tó fi eruku pupa kun ewé máńgòrò Kétu,
tó la ètè ọmọ iléèwé títí kan ẹ̀jẹ̀,
tó mú kí ilẹ̀kùn mi sunkì nínú férémù.
Tiwọn, ojú ọ̀run rẹ̀ mọ́ gaara.
Síbẹ̀, àríwá ni àwọn méjèèjì ti ń bọ̀.

Ìyá Ayédùn wọlé wá tọrọ òrí.
“Kí ni afẹ́fẹ́ ọ̀hún ń fẹ́?”
Mi ò mọ̀ bóyá ohun tó ń fẹ́ lulẹ̀ ló ń bèèrè
tàbí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́.
Gíríìkì wo ló lè fi ẹnu kan bi ìyẹn?
“Ṣé ó máa ń padà wá?”
Ọdọọdún, mo ní. Ọdún gan-an ló wà nínú orúkọ rẹ̀.

Ó fi òrí pa ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀.
“Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.
Ọjọ́ ọdún iṣu tuntun ni wọ́n bí i.
Abọ́dúndé.
Kọ́tọ̀nù ló ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí Gàbọ́ọ̀nù.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.”

Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́,
nítorí mi ò tíì bi oníorúkọ.
Ilẹ̀kùn là gbàà.
Àwa méjèèjì bojú wo ẹnu ọ̀nà,
ìyá náà tilẹ̀ ti dìde.
Eruku ni.
Ó gbá a, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la wá gba òrí tó kù.