Korobá Onídìí Gíláàsì

Aago mẹ́sàn-án, a tú okùn ní èbúté Fátì.
Èèyàn méjìlá, bàtà mẹ́rìnlélógún nínú apẹ̀rẹ̀ kan:
bàbá mi àgbà kì í jẹ́ kí bàtà tẹ pákó ọkọ̀ rẹ̀.
Èmi Tẹmẹlínà ni mo ń gba tíkẹ́ẹ̀tì,
èmi ni mo ń pín awò ojú àti ọ̀pá ìmí,
èmi ni mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tutọ́ sínú awò
kí ìkùukùu má baà bò ó.
Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á tutọ́.
Ará Jámánì kan bi mí bóyá òfin ni.

Àpáta ń kọjá lọ́wọ́ ọ̀tún, ewúrẹ́ mẹ́ta lórí rẹ̀,
ẹnikẹ́ni ò mọ bí wọ́n ṣe gùn ún débẹ̀.

Ìdúró kìíní, ẹnu ihò.
Omi ibẹ̀ mọ́ débi pé òjìji ọkọ̀ wa
jókòó sórí iyanrìn nísàlẹ̀
bí ọkọ̀ kejì tó ti ń dúró dè wá.
Wọ́n bẹ́: gbìì! gbìì!
Ìyá arúgbó kan láti Ítálì rọra sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà,
ó ń pe Jésù títí omi fi kan àyà rẹ̀,
ìgbà náà ló dákẹ́.
Èmi náà wọlé.
Ìmí ara mi ń dún sí mi létí
bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó lókèèrè;
ẹja wẹ́wẹ́ fọ́n ká bí owó tó já lápò,
òòrẹ̀ òkun na ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ àpáta.

Mo gbójú sókè: bàbá mi àgbà nímú ọkọ̀,
aṣọ rẹ̀ gbẹ, irun rẹ̀ gbẹ.
Àádọ́ta ọdún lórí omi,
omi ò tíì ré orúnkún rẹ̀ kọjá.

Kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́.

Àlejò ò mọ̀. Gbogbo Fátì mọ̀.
Amòòkùn ni bàbá tirẹ̀,
ó dé akoto idẹ, ó lọ já kànrìnkànrìn nísàlẹ̀ òkun Líbíà,
ìjì ń bọ̀, wọ́n fà á sókè kánkán.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò mọ ilẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.
Ọdún mọ́kànlélógún lórí àga lẹ́nu ọ̀nà,
ó ní, "Sakeláríìsì, orí omi ni tìrẹ.
Abẹ́ rẹ̀, mo ti bá ọ lọ."

Ìdúró kejì: búrẹ́dì, tòmátì, ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ.
Ìyá Ítálì bi í pé, "Ọ̀gá, ìwọ ò ní wẹ̀ ni?"
Ó ní gbogbo wa ò lè sùn ká kọrí síbì kan náà.
Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín,
eyín àgbésẹ́nu rẹ̀ sì fò,
tọ̀ọ́, ó di inú òkun.

Ẹni méje ló mòòkùn. Iyanrìn ni wọ́n ń kó bọ̀.
Ará Jámánì fi ẹsẹ̀ gún òòrẹ̀ òkun,
òun náà wá ń pe Jésù.

Bàbá mi àgbà gbé korobá rẹ̀ jáde,
èyí tó fi gíláàsì ṣe ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá mi.
Ó kúnlẹ̀, ó ti ìdí rẹ̀ bọ omi,
ó ki orí bọ inú rẹ̀. Ó pẹ́.
"Apá òsì. Òkúta tó rí bí àga. Ẹ̀yìn rẹ̀,
ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ní ilé kan níbẹ̀."

Mo lọ. Eyín wà lẹ́nu ọ̀nà onílé,
láàárín ìkarahun, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bí mo ti ń gòkè bọ̀ ni mo rí i:
òbírí gíláàsì kan lójú omi,
ojú bàbá mi àgbà kún inú rẹ̀ bámúbámú.
Kì í ṣe èmi ló ń wò.
Ó ń wo ẹ̀yìn mi, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún,
níbi tí omi ti ń dúdú lọ.

Eyín wà lọ́wọ́ mi. Ìmí fẹ́ tán.
Mo dúró díẹ̀ sí i.